Ohun Tí Gìgísẹ̀ Ń Ṣe Nínú Bàtà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Tíṣà Kan ní Abẹ́òkúta

Àmì tí a bá lẹ̀ mọ́ ara bàtà, ìrìn bàtà ló ń sọ fún wa. Gbogbo àwa tí a ń tọ́jú ẹsẹ̀ la mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a máa ń dúró sẹ́yìn aláìsàn, a ó wo bí bàtà rẹ̀ ṣe ń kàn ilẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé gìgísẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, bàtà rẹ̀ dúró dáadáa lóòótọ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ni kò dúró. Ó gbà kí n kọ ọ́, mo sì ti yọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ kúrò.

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti lé ní ẹni 50 ọdún. Apá Ìkìjà ló ń gbé, níbi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti ń gba àárín àpáta kọjá. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ irú ìrìn tó wà níbẹ̀: wàá gun òkè láàárọ̀, wàá sọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, òkúta ń bẹ lójú ọ̀nà, gọ́tà ń bẹ tí wàá fò. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀. Tó bá dé kíláàsì, ìdúró ló kù.

Ẹ̀yìn kókósẹ̀ òsì rẹ̀, lápá inú, ló ń dùn ún. Ó ti ń lọ sí oṣù kẹrin kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti fi àdí gbígbóná ra á nílé, ó ti lo oògùn ìrora tó rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ọmọ rẹ̀ sì ti ra ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà onírọ́bà rírọ̀ fún un ní ọjà, irú èyí tó ga lábẹ́ àárín ẹsẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń lo ìtẹ́lẹ̀ yẹn ni ìrora náà ti ń le sí i. Ohun kan tún wà tó sọ tó yẹ ká fetí sí: bí òun bá wà lẹ́sẹ̀ lásán nílé, ó ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n bí òun bá ti wọ bàtà ilé ẹ̀kọ́, kí agogo ìsinmi tó lù, òun ti ń tiro. Bàtà aláwọ dúdú tó bo ẹsẹ̀ ni, kò ní okùn, kò ní báńdì, àfi kéèyàn kàn ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Olórí ilé ẹ̀kọ́ wọn kò fẹ́ sáńdà.

A yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó ń dùn ún bá ọ̀nà iṣan kan mu, èyí tó ti ẹ̀yìn ojúgun sọ̀ kalẹ̀, tó gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú, tó sì so mọ́ àwọn eegun àárín ẹsẹ̀. Iṣan yìí ló ń gbé àárín àtẹ́lẹsẹ̀ dúró nígbà tí ara bá gun ẹsẹ̀ kan. Tó bá rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, gìgísẹ̀ á dẹ̀gbẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ á sì wọ inú. A ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, kó gbé gìgísẹ̀ sókè. Ó ṣe é láìnira. Ti òsì, ó gbé e díẹ̀, ó di ògiri mú. A kò rí àtọ̀gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lára ní gbogbo ibi tí a ti fi okùn ọ̀rá gíráàmù 10, èyí tí a fi ń dán ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wò, kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tí a ó ṣe sí bàtà rẹ̀ láìpẹ́: ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora kì í ṣe ẹsẹ̀ tí èèyàn ń gé ihò sí bàtà rẹ̀.

Nínú òṣùwọ̀n Foot Posture Index, tí a ti ń wo ohun mẹ́fà lára ẹsẹ̀, tí a sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti -2 dé +2, ẹsẹ̀ òsì gba +8, ọ̀tún gba +4. Láti 0 dé +5 la máa ń kà sí ẹsẹ̀ tí kò ní wàhálà. A tún wọn bí eegun tí wọ́n ń pè ní navicular, èyí tó yọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀, ṣe ń lọ sílẹ̀ bí aláìsàn bá dìde láti orí ìjókòó. Brody ló ṣàlàyé ìdánwò yìí ní 1982, rúlà àti bírò nìkan ló sì ń gbà. Ti òsì lọ sílẹ̀ ní mìlímítà 12, ti ọ̀tún 7. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fura bó bá ti kọjá 10.

Títí débí yìí, kò sí ohun tó ṣàjèjì. Ẹsẹ̀ lásán là ń wò, lórí ìdúró. Ìrìn nínú bàtà ló ń dùn ún, ìrìn nínú bàtà la sì ní láti wọ̀n.

Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú wa ni kò ní ẹ̀rọ ńlá, wọn kò sì nílò rẹ̀ fún irú èyí. Fóònù tó lè ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan la lò. Fídíò lásán tó ń ya 30 kò tó: àsìkò tí ẹsẹ̀ kan fi ń wà nílẹ̀, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ kan, kò ju bíi ìdá mẹ́fà tàbí méje nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ, nítorí náà àwòrán tó máa wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ogún lọ. Ibi tí gìgísẹ̀ ti dẹ̀gbẹ́ jù lè bọ́ sáàárín àwòrán méjì. A gbé fóònù sórí àpótí kékeré, kí ojú rẹ̀ bá gìgísẹ̀ dọ́gba. Tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgò rẹ̀ á máa wo ẹsẹ̀ láti òkè, ìwọ̀n á sì ṣì wá lọ́nà. A fi téèpù fa ìlà gbọọrọ sórí sìmẹ́ǹtì kọ́rídọ̀, a fa ìlà méjì mìíràn dábùú rẹ̀ láti fi mọ ibi tí ìgbésẹ̀ tí a ó kà gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ àti ti ìparí, a kò kà wọ́n, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra tàbí tó fẹ́ dúró kì í rìn bí ó ṣe ń rìn lójú ọ̀nà. Èyí tí ẹsẹ̀ bá sì ti tàn síta jù, a fà á sọnù: bí gìgísẹ̀ kò bá kọ ẹ̀yìn sí fóònù gan-an, igun tí a ó rí kì í ṣe igun tó wà lára ẹsẹ̀.

Àmì méjì la fi sí ẹ̀yìn ojúgun, méjì sí gìgísẹ̀. Igun tó wà láàárín ìlà méjèèjì ni à ń wá. Lẹ́sẹ̀ lásán, gìgísẹ̀ òsì dẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bíi dígírì 8. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, a lẹ àmì mọ́ ẹ̀yìn bàtà, a tún yà á. Dígírì 3 péré.

Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wo nọ́ńbà méjèèjì, ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú: bàtà ń ràn án lọ́wọ́, ó ń mú gìgísẹ̀ dúró, kí obìnrin náà máa wọ̀ ọ́ lọ, kí a kọjú sí iṣan. Bí nọ́ńbà nìkan la bá ń tọ́jú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò yí ohùn padà láti ọjọ́ tó ti wọlé: inú bàtà ló ń dùn ún. Nígbà tí ohun tí aláìsàn ń sọ àti ohun tí a wọ̀n bá ń ta ko ara wọn, mo gbà pé ìwọ̀n ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè. Ilé lè dúró ṣánṣán kí onílé ti ṣubú nínú rẹ̀.

A bọ́ bàtà náà, a fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Awọ inú ẹ̀yìn bàtà òsì ti dán, ó ti ń bó, pàápàá lápá inú. Ti ọ̀tún ṣì dára. A sọ fún un pé ó jọ pé gìgísẹ̀ ń yọ̀ nínú bàtà, a kàn ń wá ọ̀nà láti mọ bó ti pọ̀ tó ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá. "Dókítà, ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀kì sí i. Bí ọmọ bá jókòó lé ṣọ́ọ̀kì ní kíláàsì mi, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ni mo ti ń mọ̀."

A lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, a fi pa ẹ̀yìn ìbọ̀sẹ̀ dúdú tó wọ̀. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀ lórí kọ́rídọ̀, ó gun àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó bọ́ bàtà, ṣọ́ọ̀kì inú bàtà ọ̀tún wà lójú kan bí ẹni fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ti òsì fà gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tẹ̀ sápá inú. Kò fún wa ní dígírì kankan, ṣùgbọ́n òun ló yí ọ̀nà iṣẹ́ náà padà. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé àmì ara bàtà kò lè sọ ohun tí à ń béèrè fún wa.

Kí ló kù láti ṣe? Àwọn ilé ìwádìí ńlá lókè òkun ní ẹ̀rọ X-ray tó ń ya eegun láàárín bàtà bí èèyàn ti ń rìn. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí kan tilẹ̀ lu irin tín-ín-rín mọ́ eegun gìgísẹ̀ àti ojúgun àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n sáré, kí wọ́n lè mọ bí eegun ṣe ń yí gan-an. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni pé àmì tó wà lára bàtà ń sọ àsọdùn: ó ń fi hàn pé gìgísẹ̀ ń yí ju bí eegun ṣe ń yí lọ. Èyí ṣe pàtàkì fún wa, torí ìdàkejì rẹ̀ ni à ń fura sí lára obìnrin yìí. Àsọdùn níbì kan, àbùkù níbòmíràn. Kò sí iye kan tí a lè yọ kúrò tàbí kí a fi kún nọ́ńbà bàtà kí ó lè di nọ́ńbà ẹsẹ̀. Ọ̀nà tó wà ní ìkáwọ́ wa, tí àwọn tó ń ṣèwádìí bàtà náà sì ti ń lò tipẹ́, ni kí a gé fèrèsé kékeré sí ẹ̀yìn bàtà, kí a fi àmì sára awọ ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀.

A gbé bàtà náà lọ bá bàbá kan tó ń ṣe bàtà ní Láfẹ́nwá. Nígbà tí a ṣàlàyé, ó yí bàtà náà sókè sódò, kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ kan ibi rírán àárín yẹn o. Òun ló di ẹ̀yìn bàtà mú. Ẹ sì má gé ihò onígun, igun ni awọ ti ń ya."

"Níbo lẹ rò pé ká gbé e gbà, Bàbá?"

Ó fi bírò sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ibi rírán, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó fi irin ìlùhò lu ihò róbótó méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lọ, ó sì fi iná pa etí wọn kí ó má baà ha ẹsẹ̀. Ìmọ̀ràn rẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí fèrèsé bá tóbi, ẹ̀yìn bàtà á dẹ̀, ohun tí a ó wọ̀n kò sì ní jẹ́ bàtà tí aláìsàn ń wọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí a fi tún lẹ àmì mọ́ ara bàtà náà lẹ́yìn gígé, tí a sì tún yà á. Dígírì 3 náà ló ṣì wà. Bàtà kò tíì yàtọ̀. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí kó má ṣe fo ibí yìí, torí láìsí i, kò sí bí a ṣe máa mọ̀ bóyá gìgísẹ̀ ló yí ni àbí bàtà tí a ti bà jẹ́.

Ní báyìí, a fi bírò sàmì sí awọ gìgísẹ̀ láti inú ihò náà nígbà tó dúró, a sì yà á bó ti ń rìn. Bàtà dẹ̀gbẹ́ ní dígírì 3. Gìgísẹ̀ inú rẹ̀ dẹ̀gbẹ́ ní dígírì 10, ó ju ti ẹsẹ̀ lásán pàápàá lọ. A wo fídíò náà díẹ̀díẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ti kàn ilẹ̀, ó ń rọra yọ̀ lọ sápá inú bàtà, ó ń sùn síbẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ fi fẹ́ kúrò nílẹ̀. Nígbà náà ló tún ń gòkè nínú bàtà, bíi mìlímítà 4. Iṣan tó ti rẹ̀ yìí ló ń fa gbogbo rẹ̀ padà, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti Ìkìjà dé kíláàsì.

Ìtẹ́lẹ̀ onírọ́bà tí ọmọ rẹ̀ rà ló kàn. A kì í ṣòfófó rẹ̀ níwájú ọmọ, torí ìfẹ́ ló fi rà á, ṣùgbọ́n a ní láti mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí a fi í sínú bàtà, àmì ara bàtà tilẹ̀ dín kù díẹ̀, èèyàn á sì rò pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Nínú fèrèsé, gìgísẹ̀ lọ sí dígírì 11, ó sì ń gòkè ní mìlímítà 7, débi pé àmì òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ sá pamọ́ sábẹ́ etí ihò. Ìtẹ́lẹ̀ náà nípọn. Ó ti gbé gìgísẹ̀ kúrò nínú ibi tó le lẹ́yìn bàtà, ibi kan ṣoṣo tó ń dì í mú tẹ́lẹ̀. Àárín ẹsẹ̀ rí ìrọ̀rí, gìgísẹ̀ pàdánù ògiri.

A bi í léèrè nípa nọ́ńbà bàtà rẹ̀. 41 ló wọ̀. Gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju 39 lọ. Ìdí rẹ̀ sì dára: eegun kan yọ gọngọ ní ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, kò sì sí 39 tí iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó ní ọjà, nítorí náà gígùn ló fi ń ra fífẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì bi wọ́n rí. Ní tèmi, ìbéèrè yìí yẹ kó wà lórí fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba aláìsàn wọlé.

A kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tí kò ná an lówó. A lẹ fóòmù tín-ín-rín mọ́ inú ẹ̀yìn bàtà, a yọ ìtẹ́lẹ̀ náà. Gígòkè gìgísẹ̀ dín kù gan-an, ṣùgbọ́n dígírì 9 ló ṣì ń dẹ̀gbẹ́. Fóòmù lè dí àlàfo, kò lè di gìgísẹ̀ mú. A padà sí Láfẹ́nwá. Bàbá náà ṣe bàtà dúdú mìíràn fún un lórí mọ́ọ̀dù 39, ó fẹ iwájú rẹ̀, ó fi awọ le awọ lẹ́yìn, ó sì fi báńdì kan sí i tó gba orí ẹsẹ̀ kọjá, kí ẹsẹ̀ lè máa wà ní ìdí bàtà. A fi ìtẹ́lẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tó fi díẹ̀ ga lápá inú gìgísẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ kó lu fèrèsé sí i kó tó parí rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀; lẹ́yìn tí a wọ̀n ọ́n tán, ó fi awọ bo ihò náà, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Gìgísẹ̀: dígírì 6. Bàtà: dígírì 5. Àmì inú fèrèsé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan.

Iye ti bàtà ti ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, láti 3 sí 5. Ẹni tó bá ń wo ara bàtà nìkan á ní bàtà tuntun burú ju ti àtijọ́ lọ.

Pẹ̀lú bàtà náà, ó ń gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀ lójoojúmọ́, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń di tábìlì kíláàsì mú, títí tó fi lè ṣe é lórí òsì nìkan. Iṣan kì í yára le, oṣù ló ń gbà. Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ kejì fi dé, ó ń dúró kọ́ àwọn ọmọ títí dé ìparí láìtiro. Ìrora náà kò tíì lọ pátápátá: tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti apá Olúmọ lọ́jọ́ òjò, tí ilẹ̀ ń yọ̀, ó ṣì máa ń mọ̀ ọ́n lára lálẹ́.

Ohun kan wà tí fèrèsé ẹ̀yìn bàtà kò fi hàn wá. Ẹsẹ̀ ní eegun 26, gìgísẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Àárín ẹsẹ̀, níbi tí navicular wà, ṣì wà nínú òkùnkùn bàtà, mo sì gbà pé púpọ̀ nínú wàhálà iṣan yìí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. A lè gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ náà, ṣùgbọ́n fóònù kan tó wà lẹ́yìn kò lè rí i. A ó nílò èyí tó ń wo ẹ̀gbẹ́ ní àkókò kan náà. Awọ náà sì ń yọ̀ lórí eegun, nítorí náà dígírì 10 tí mo kọ yìí, ti awọ gìgísẹ̀ ni, ó lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti eegun. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e láti fi bàtà kan wé èkejì lára ẹni kan náà, ní kọ́rídọ̀ kan náà, pẹ̀lú àmì tí ọwọ́ kan náà fi sí i. Mi ò ní fi wé nọ́ńbà aláìsàn ẹlòmíràn. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi ka ìrìn, tí wọ́n ti ń pọ̀ báyìí, kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí rárá. Bí a bá so ó mọ́ bàtà, bàtà ló ń kà.

Nínú fáìlì wa, a ti pín ibi tí a ń kọ ìwọ̀n ìrìn sí méjì, "ara bàtà" àti "ara ẹsẹ̀". Èyí tí a kò bá wọ̀n, a máa ń fi í sílẹ̀ lófo.